Bí a ṣe ń pa bẹ́líìtì àti àkọ̀ awọ láró tí kò fi ní yọ sára aṣọ oníbàárà

Ní Èkó yìí, aṣọ funfun ni ọ̀tá bẹ́líìtì dúdú. Ẹni tó wọ gíní funfun jáde lọ́sàn-án, tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Third Mainland, òógùn á bò ó ní ìbàdí, òógùn yẹn á sì fa dáì jáde lára awọ. Kó tó sọ̀kalẹ̀ ní Ọbáléndé, ìlà dúdú ti yí i ká. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kì í bá èèyàn jà. Kò kàn ní padà wá mọ́ ni, á sì sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá bi í léèrè ibi tó ti ra bẹ́líìtì.

Nítorí náà, bí a ó ṣe ṣe é tí dáì kò fi ní yọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Epo tí a ń fi sí awọ, ìda tí a ń fi pa á àti ohun tí a ń fi mú un dán, dáì ni gbogbo wọn ń ṣọ́. Àkọ̀ tí mo ń sọ ni àkọ̀ ọ̀bẹ àti àdá ọdẹ, àkọ̀ púláyà àwọn oníṣẹ́ iná, àkọ̀ sísọ́ọ̀sì télọ̀, àkọ̀ wokitókì àwọn sìkiọ́rítì, àti àkọ̀ ìbọn fún ẹni tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Iṣẹ́ wọn jọra títí a ó fi dé ibi epo. Ibẹ̀ ni àkọ̀ àti bẹ́líìtì ti ń pínyà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ awọ tó wà lọ́wọ́ yín

Kì í ṣe gbogbo awọ ló ń mu dáì. Bí ẹ bá wọ ọjà awọ ní Múṣin, oríṣi mẹ́ta ni wọn yóò nà sí yín: rọ́bà tí wọ́n ń pè ní lẹ́dà, awọ kíróòmù tí wọ́n fi kẹ́míkà kíróòmù ṣe, àti awọ tí wọ́n fi èèpo tàbí èso igi ṣe. Ẹ̀kẹta yìí ni tiwa. Ní Kánò, èso bàgàrúwà ni wọ́n ti fi ń ṣe awọ láti ayébáyé, ohun tó sì wà nínú èso yẹn náà ló wà nínú èèpo igi tí àwọn òyìnbó ń lò. Awọ bẹ́ẹ̀ máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí kò bá tíì gba dáì, ó máa ń le, ó sì máa ń gba ìmọ bí a bá rẹ ẹ́ sómi. Awọ kíróòmù dára fún báàgì àti òkè bàtà, ṣùgbọ́n àkọ̀ tí a bá fi ṣe kò ní dúró bí a ṣe mọ ọ́n, dáì ojú rẹ̀ kì í sì í wọlé jìnnà.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ẹ kán omi kan sí ojú awọ: bí ó bá jẹ́ tiwa, awọ á fa omi náà mu, ojú ibẹ̀ á sì ṣú díẹ̀. Bí omi bá dúró gbáríjọ sórí rẹ̀, rọ́bà ni, tàbí awọ tí wọ́n ti kun ní nǹkan. Ẹ wo etí ibi tí wọ́n ti gé e pẹ̀lú. Ti kíróòmù sábà máa ń ní àwọ̀ eérú tó fẹ́ dà bí búlúù láàárín, tiwa sì máa ń jẹ́ àwọ̀ kan náà láti ojú dé ẹ̀yìn. Ọ̀nà kẹta ló dá mi lójú jù, omi ìpẹtà tí a ó ṣe nísàlẹ̀ ni. Ẹ kán an sí awọ tí kò tíì gba dáì. Bí ibẹ̀ bá dúdú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ sanwó.

Sísanra bẹ́líìtì kò gbọdọ̀ kéré sí mílímítà 3, ó sì dára bó bá tó 4. Àwọn tó ń ta awọ òkè òkun máa ń fi ounce ka sísanra. Ounce kan jẹ́ bíi mílímítà 0.4, nítorí náà ounce 8 sí 10 ni kí ẹ bèèrè, yálà fún bẹ́líìtì tàbí fún àkọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e láti ẹ̀yìn màlúù, kì í ṣe láti ikùn. Awọ ikùn máa ń fà, ó sì máa ń mu dáì ju ibi yòókù lọ, bẹ́líìtì kan á wá ní àwọ̀ méjì. Awọ tó nípọn dáadáa wọ́n lówó, kò sì lè ṣàìwọ́n, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pọ̀ awọ màlúù ìlú yìí bá ń di pọ̀nmọ́. Mi ò bá àwọn ọlọ́bẹ̀ jà o, èmi náà ń jẹ ẹ́.

Ìgbà wo ni ká pa á láró?

Fún bẹ́líìtì, ẹ gé e, ẹ lu ihò rẹ̀, ẹ fá etí rẹ̀ kó má ṣe igun, kí ẹ tó pa á láró, kí ẹ sì pa á láró kí ẹ tó rán an. Ìdí ni pé òwú funfun tàbí òwú aláwọ̀ ìyẹ̀fun lórí awọ dúdú rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rán an kí ẹ tó fi dáì sí i, òwú náà á mu dáì.

Àkọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la fi ń rẹ awọ àkọ̀ kí a tó mọ ọ́n sára ọ̀bẹ tàbí púláyà, omi yẹn á sì da dáì rú bí dáì bá ti wà níbẹ̀. Èmi máa ń rán àkọ̀, mo máa ń mọ ọ́n, mo máa ń jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà ni dáì. Bí ẹ bá fẹ́ òwú funfun lára àkọ̀, ẹ pa awọ láró kí ẹ tó rán an, kí ẹ wá fi omi díẹ̀ mọ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ ó tún fi dáì tín-ín-rín kan lé e lẹ́yìn rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni kí ẹ lò kó má kan òwú. Ẹ fi nylon wé ọ̀bẹ tàbí púláyà náà kí ẹ tó fi mọ àkọ̀, kí omi má baà mú un dípẹtà.

Ẹ má ṣe fi awọ tútù sínú oòrùn gangan tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó lè yá gbẹ. Awọ tó rin fún omi, tí ooru sì pọ̀ fún, máa ń súnkì, á sì le bí igi tó fẹ́ là. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ló yẹ ẹ́. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ dé inú, ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Bí ó bá ṣì tutù lára, omi wà nínú rẹ̀, kódà bí ojú rẹ̀ bá ti padà sí àwọ̀ rẹ̀ àtijọ́. Nígbà òjò, èyí lè gba ọjọ́ méjì ní Èkó. Nígbà ọyẹ́, òru kan tó.

Ohun kan tún wà tó ń ba dáì jẹ́ kí dáì tó dé rárá: góòmù. Ibi tí góòmù bá kán sí lójú awọ, dáì kò ní wọ ibẹ̀ láéláé. Bẹ́ẹ̀ náà ni òróró ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ puff-puff tán. Ẹ fọwọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ ti rin fún sípírítì nu ojú awọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Dáì wo?

Dáì onísípírítì ló wọ́pọ̀ jù lọ́jà, òun ló sì máa ń wọlé jìnnà jù. Àléébù rẹ̀ ni pé ó yá gbẹ jù, ìlà búrọ́ọ̀ṣì á sì hàn bí ọwọ́ yín bá fà. Èyí tí wọ́n ń pè ní oil dye máa ń tẹ́ kalẹ̀ dọ́gba, kì í sì í yọ tó ti àkọ́kọ́. Owó rẹ̀ ló ga. Èyí tó jẹ́ omi kì í rùn, kò sì léwu fún ẹni tí yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù àti ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú awọ ló máa ń dúró sí, òógùn sì tètè máa ń rí i mú.

Tí ẹ bá ra dáì oníyẹ̀fun tí àwọn oníbàtà ń wọ̀n, ẹ pò ó pẹ̀lú sípírítì, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ sì fi aṣọ ìnujú funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹ̀fun tí kò yọ́ tán máa ń jókòó sójú awọ. Òun ló ń lọ sára aṣọ èèyàn. Sípírítì tó mọ́ bí omi ni kí ẹ wá. Èyí tí wọ́n ti fi àwọ̀ sí á yí bíráùn yín padà. Ọjà kẹ́míkà ní Òjótà ni mo mọ̀ tí èèyàn ti lè rà á ní gálọ́ọ̀nù, pẹ̀lú àkírílíìkì, ohun olómi tí a ń kùn bo ojú awọ, tí a ó lò níparí.

Fún dúdú, èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ lo dáì mọ́. Omi ìpẹtà ni mo ń lò. Ẹ da fínígà funfun sínú ìgò, ẹ kó ìṣó tó ti dípẹtà tàbí wáyà irin wẹ́wẹ́ tí àwọn káfíńtà fi ń ha igi sínú rẹ̀. Iron sponge ìfọkòkò tí kì í dípẹtà kò lè ṣiṣẹ́ yìí. Bí wáyà náà bá ṣì ní òróró ilé-iṣẹ́ lára, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó tó wọlé. Ẹ má ṣe dé ìgò náà pa, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń jáde nínú rẹ̀, ìgò tí a dé pa sì lè bẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ sẹ́ ẹ. Omi náà lè mọ́ tàbí kó pọ́n díẹ̀ bíi tíì tí kò ṣú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní gbà pé òun ló máa sọ nǹkan di dúdú.

Ẹ fi fóòmù gbé e sórí awọ. Ojú awọ á kọ́kọ́ ṣe bí eérú, lẹ́yìn náà á dà bí búlúù tó ṣú, kí ẹ tó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀melòó kan ó ti di dúdú kirikiri. Irin inú fínígà yẹn àti oje èèpo igi inú awọ ló pàdé. Dúdú náà kò jókòó sórí awọ, inú awọ gan-an ni wọ́n ti bí i, ìdí nìyẹn tí kì í fi í yọ. Bí awọ yín bá funfun jù tí dúdú rẹ̀ kò sì ki, ẹ re Lipton tó nípọn dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi pa awọ, kó gbẹ díẹ̀ kí omi ìpẹtà tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fínígà tó kù nínú awọ á máa jẹ ẹ́. Ẹ po bákìn sódà ṣíbí ìjẹun kan mọ́ omi lítà kan, ẹ fi wẹ awọ náà tojú tẹ̀yìn, ẹ tún fi omi lásán ṣàn án. Kó tó gbẹ tán pátápátá, kó ṣì rọ̀ lọ́wọ́, ni kí ẹ ti fún un ní epo, nítorí iṣẹ́ yìí máa ń gbẹ awọ.

Bí a ṣe ń fi dáì sí i

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ ṣí fèrèsé. Sípírítì máa ń gbiná, ẹ má tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, ẹ má gbé sítóòfù sí yàrá kan náà.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dáì tó ki. Fún bíráùn àti pupa, ẹ da dáì ìlàjì àti sípírítì ìlàjì pọ̀. Ẹ fi kànrìnkàn kékeré tàbí gígé fóòmù tìmùtìmù fà á láti orí bẹ́líìtì dé ìdí rẹ̀ láìdúró, kí ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ẹ bá ti dúró mu omi ni ìlà á hàn. Fún àkọ̀ tó fẹ̀, ẹ máa yí fóòmù náà róbótó-róbótó. Ìpele kejì, ẹ fà á ní ìdàkejì ti àkọ́kọ́. Ìpele kẹta, tó bá pọn dandan. Àwọ̀ tó jáde láti inú ìpele tín-ín-rín mẹ́ta máa ń jinlẹ̀ ju ti ìpele kan tó nípọn lọ, dáì tó máa ṣẹ́kù sójú rẹ̀ á sì kéré.

Ẹni tó bá fẹ́ lo dáì dúdú dípò omi ìpẹtà, kí ó kọ́kọ́ fi búlúù tó ṣú ṣe ìpele ìsàlẹ̀. Dúdú tó bá gùn orí búlúù kì í ní bíráùn lójú nínú oòrùn, dúdú kan ṣoṣo náà á sì tó lórí rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá pọ̀, a lè ri gbogbo bẹ́líìtì sínú abọ́ dáì. Ó yá, ó sì dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn awọ á mu dáì pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Apá tó ń kan aṣọ oníbàárà ni ẹ̀yìn awọ. Ó ní irun wẹ́wẹ́ tó máa ń di dáì mú lọ́nà ẹ̀tàn, tó sì máa ń tú u sílẹ̀ nígbà tó bá rí òógùn. Bẹ́líìtì tí mo bá ṣe fún ẹni tó máa ń wọ funfun, mi ò ní fi dáì kan ẹ̀yìn rẹ̀. Mo máa ń fi í sílẹ̀ ní àwọ̀ awọ, tàbí kí n lẹ awọ ewúrẹ́ tín-ín-rín tí kò gba dáì mọ́ ọn kí n tó rán méjèèjì pọ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀yìn tí kò dúdú kò parí. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń wo ẹ̀yìn bẹ́líìtì.

Lẹ́yìn ìpele tó kẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ojú rẹ̀ lè ṣe bí ẹni gbẹ lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ má dá a lóhùn.

Nínù

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò yín. Dáì tó wọ inú awọ kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èyí tó kù sójú, tó gbẹ síbẹ̀ bí eruku, òun la fẹ́ lé. Bí ẹ bá tẹ́ bẹ́líìtì dúdú tó ti gbẹ síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí nǹkan kan lójú rẹ̀ tó ń ṣe bíi pé ó fẹ́ dán, àwọ̀ bíi àlùkò tàbí idẹ. Dídán kọ́ nìyẹn o. Dáì tí kò ríbi wọ̀ ni.

Ẹ ya síńgílẹ́ẹ̀tì funfun àtijọ́ sí wẹ́wẹ́. Funfun ni kó jẹ́, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ di orí bẹ́líìtì mọ́ ìkọ́, ẹ fà á kó le tantan, ẹ fi aṣọ náà dì í mú, ẹ máa fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ìgbà àkọ́kọ́, aṣọ á dúdú bí ẹni fi nu ìdí ìkòkò. Ẹ yí i sí ibi mímọ́, ẹ tún fà. Á di eérú. Ẹ mú aṣọ mìíràn. Ó tó àkókò tí ọwọ́ á gbóná, awọ náà á sì gbóná. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe é títí tí aṣọ funfun á fi máa jáde ní funfun, tí dídán mìíràn, tó tutù lójú, á fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ lára awọ fúnra rẹ̀.

Nígbà náà ni kí ẹ dán an wò bí oníbàárà ṣe máa lò ó. Ẹ po iyọ̀ díẹ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ rin aṣọ funfun fún un, ẹ fún un kó má kán, ẹ fi ra ojú bẹ́líìtì àti ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìgbà ogún. Omi iyọ̀ yẹn ló dúró fún òógùn. Bí àwọ̀ bá jáde díẹ̀ lójú awọ, epo àti àkírílíìkì á mú un dúró. Bí ó bá jáde púpọ̀, ẹ padà sídìí nínù, kò sí ohun tí a lè fi bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn tó gbà pé àkírílíìkì lè di dáì mọ́lẹ̀ ní tipátipá gbàgbé pé bẹ́líìtì máa ń tẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ibi tó bá ti tẹ̀, àkírílíìkì á là, dáì á gba ibẹ̀ jáde.

Etí awọ

Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 220 fá etí náà, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú nọ́ńbà 400 tó kúnná jù ú lọ. Ẹ fi dáì kun etí kí ẹ tó fi ohunkóhun mìíràn kàn án, nítorí ìda kì í jẹ́ kí dáì wọlé. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fi omi ọṣẹ funfun díẹ̀ rin ín, ẹ sì fi gígé jíǹsì tàbí igi tó dán ra á lọ ra á bọ̀ kíákíá títí tí irun etí awọ á fi dì mọ́ra. Bí ó bá ti dán, ẹ fi òkúta ìda oyin pa á, ẹ tún fi jíǹsì ra á kí ooru lè yọ́ ìda náà wọlé. Etí tó dì báyìí kì í jẹ́ kí omi òjò gba ibẹ̀ wọ bẹ́líìtì.

Epo: ibi tí àkọ̀ àti bẹ́líìtì ti ń pínyà

Sípírítì ti gba ọ̀rá inú awọ lọ, a ó dá a padà. Epo ẹsẹ̀ màlúù, èyí tí wọ́n ń pè ní neatsfoot, ló dára jù. Inú egungun ojúgun àti ẹsẹ̀ màlúù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ó sì máa ń rọ awọ láìjẹ́ kó rà. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀: èyí tí wọ́n kọ compound sí lára ti ní epo ilẹ̀ nínú, ó sì lè ba òwú jẹ́ bó bá pẹ́.

Fún bẹ́líìtì, ẹ fi aṣọ gbé epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú, kó rìn dọ́gba, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì gbẹ, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ tẹ bẹ́líìtì náà yípo ìka yín: ó yẹ kó tẹ̀ láìpariwo, kí ojú rẹ̀ má sì là. Bíráùn á ṣú nígbà tí epo bá kàn án, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan á mọ́ padà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ gbìmọ̀ rẹ̀ mọ́ àwọ̀ tí ẹ bá yàn.

Fún àkọ̀, ìpele kan péré, kó má pọ̀ ju ohun tó mú ojú rẹ̀ tutù lọ. Líle ni iṣẹ́ àkọ̀. Àkọ̀ ọ̀bẹ tí epo ti sọ di rírọ̀ á máa wó mọ́ra nígbà tí ọ̀bẹ bá jáde, ẹni tó bá fẹ́ dá ọ̀bẹ padà sínú rẹ̀ á wá fi ọwọ́ kejì ṣí ẹnu rẹ̀. Ibi tí ọ̀bẹ ti ń gé èèyàn nìyẹn. Ti ìbọn ló tún léwu jù, nítorí ẹnu àkọ̀ tó rọ̀ lè ká mọ́ ibi tí ìka ń tẹ̀. Àkọ̀ tí epo bá ti pọ̀ fún kò ní àtúnṣe tó dáa.

Ní ti epo ilé ìdáná: epo pupa á pa awọ ní àwọ̀, á sì rùn. Òróró ẹ̀pà náà máa ń kan bó bá pẹ́. Adí àgbọn kì í dì mọ́ bí ooru bá ti kọjá 24 °C, Èkó sì ń kọjá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò ní yé rìn láti inú awọ bọ́ sára aṣọ. Òrí ṣe é lò díẹ̀ fún bẹ́líìtì tó ti gbó. Epo ẹ́ńjìnnì tí àwọn kan ń lò fún awọ olówó pọ́ọ́kú, ẹ má jẹ́ kó wọ ṣọ́ọ̀bù yín.

Ohun ìparí

Lẹ́yìn epo, ó kéré tán wákàtí 24 ni kó kọjá kí ohun mìíràn tó gùn ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àkírílíìkì kò ní dì mọ́ ọn.

Ẹ da àkírílíìkì tí wọ́n ṣe fún awọ pọ̀ mọ́ omi ní ìlàjì sí ìlàjì. Ẹ fi kànrìnkàn tó rin díẹ̀ gbé e sórí awọ, ìpele méjì tó tín-ín-rín, wákàtí kan láàárín wọn. Bí ó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á máa dán bí pílásítíìkì, á sì là bó bá tẹ̀. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, nítorí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè mú kí ojú rẹ̀ ṣe bí ẹni pé kùrukùru bò ó. Bẹ́líìtì tí ẹ bá fi dáì kan ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn náà gbọdọ̀ gba ìpele méjì yìí. Ó tún dára fún inú àkọ̀, pàápàá ní ẹnu rẹ̀, kí irin lè máa wọlé jáde láìfa irun awọ.

Lákà àwọn káfíńtà dán ju àkírílíìkì lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá kùn ún. Kò ní lo oṣù kan lára bẹ́líìtì tó ń tẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ dídán, kí ó ṣe ìda. Ẹ wọn ìda oyin àti epo ẹsẹ̀ màlúù ní ìwọ̀n kan náà, ẹ kó wọn sínú agolo, ẹ gbé agolo náà sínú ìkòkò omi gbígbóná. Ìda máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 62 sí 64 °C, omi gbígbóná sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé e sórí iná gan-an, ó lè gbiná. Bó bá dì tán, ẹ fi ìka gbé díẹ̀, ẹ pa á sójú awọ, ẹ nù ún kó dán. Ó rẹwà lára bíráùn, ó sì máa ń lé omi. Ṣùgbọ́n ìda díẹ̀ ni fún àkọ̀, nítorí epo wà nínú rẹ̀, ìkìlọ̀ ti òkè yẹn sì kàn án.

Ẹ kìlọ̀ fún oníbàárà nípa pọ́líìṣì bàtà. Kiwi tàbí Lude dúdú tó bá fi pa bẹ́líìtì máa bọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀, ẹ̀yin ló sì máa bú. Aláìláwọ̀ ni kó máa lò.

Títọ́jú rẹ̀

Ọ̀rinrin Èkó pọ̀, awọ tí a tì mọ́ nylon tàbí dúrọ́ọ̀ á bu láàárín oṣù òjò kan. Inú àpò aṣọ ni kí ẹ fi bẹ́líìtì ránṣẹ́. Bó bá ti bu, ẹ gbé e síta, ẹ fi aṣọ gbígbẹ gbá ohun funfun náà kúrò, ẹ fi sípírítì díẹ̀ nu ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ níbi afẹ́fẹ́, kí ẹ tó fún un ní epo kínkín. Ẹ dán an wò lábẹ́ ìdí rẹ̀ ná, nítorí sípírítì lè gbé àwọ̀ dáì.

Irin bẹ́líìtì tó bá jẹ́ idẹ máa ń yọ nǹkan aláwọ̀ ewé níbi tó ti kan awọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbígbẹ fọ̀ ọ́ dànù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá ra àkọ̀ lọ́wọ́ yín pé kó má fi ọ̀bẹ sun inú rẹ̀. Àkọ̀ wà fún ìrìn. Nílé, kó yọ ọ̀bẹ, kó fi epo díẹ̀ pa irin náà, kó sì gbé e sí ibòmíràn, nítorí awọ ń gba omi sára, oje èèpo igi tó wà nínú rẹ̀ sì máa ń mú irin dípẹtà.